Lẹ́ńsì Àháyà Tó Dá Ilé Liaqat Rú

"Olè! Olè ni ọ́ kó o tó wọlé wá, olè náà lo ṣì jẹ́ títí dòní!"

Kausar ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí tíì kò tíì hó lórí iná, tí àwọn aládùúgbò sì ti ń yọ orí lórí òrùlé wọn kí ọ̀rọ̀ náà má baà fò wọ́n dá. Ẹni tó ń pè lólè ni Shaheena, ìyàwó àbúrò rẹ̀. Shaheena dúró ti ògiri àgbàlá, ó fi etí ìborùn rẹ̀ wé ìka, ó tú u, ó tún wé e. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́? Ẹnu Kausar kò ní ìlẹ̀kùn, ká má tilẹ̀ sọ pé ó ní kọ́kọ́rọ́.

Haji Mukhtar dúró lẹ́nu ọ̀nà, irùngbọ̀n rẹ̀ tó fi làálì kùn pọ́n bí iná. Bàbá yìí ló ń fi kámẹ́rà ṣe háyà nítòsí ilé aago ní ìlú Multan. Ó gbé lẹ́ńsì kan dání, ojú kámẹ́rà gígùn, funfun, tó tó apá ọmọdé, tó ní púlásítà funfun lára tí wọ́n kọ nọ́ńbà mọ́kàndínlógún sí.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, n kò wá jà," ni Haji wí. "Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo fún ọmọbìnrin yìí ní lẹ́ńsì tó mọ́ bí omi. Lánàá tí ẹ dá a padà, n kò sí ní ìsọ̀. Láàárọ̀ yìí mo gbé e sójú oòrùn. Ẹ wá wò ó! Ẹ wá fi ojú yín rí i!"

Liaqat, ọkọ Shaheena, jáde tòun ti tọ́wẹ̀lì lọ́rùn. Ó wo lẹ́ńsì náà. Ìlà kan là á já láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ológbò fi èékánná ya á.

"Shaheena, kí lo fi ṣe é?"

"Èmi kọ́! Mo fi Ọlọ́run búra! Kò já bọ́ lọ́wọ́ mi, kò kan ògiri. Ó mọ́ nígbà tí mo dì í sínú àpò!"

"Tó bá jẹ́ pé ìwọ kọ́, àǹjọ̀nú ni?" Kausar pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ò rí i? Mo ti ń sọ ọ́! Ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn! Lójoojúmọ́, háyà! Háyà! Bí ẹni pé kò sí ẹni tó bí wa! Ẹni tí kò ní kámẹ́rà, ṣé ayàwòrán nìyẹn?"

Màmá, ìyá Liaqat àti Kausar, jókòó lórí ibùsùn onókùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní egbò. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa ná. Ta ló tilẹ̀ mú púlásítà ẹsẹ̀ mi? Láti àná ni mo ti ń wá a."

"Ẹ bi ìyàwó yín!" ni Kausar dáhùn kíá. "Gbogbo ohun tó bá sọnù nílé yìí, ẹ bi ìyàwó yín!"

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì nìkan ló ń jó Kausar lára. Níbi ìgbéyàwó ní Multan, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọkùnrin ń jókòó, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Liaqat ló ń ya àwòrán lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, Shaheena ló ń wọ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ọkùnrin kankan kò gbọ́dọ̀ dé. Nígbà tó yá, àwọn ìyá ìyàwó ò béèrè Liaqat mọ́. "Ṣé Shaheena ṣófo lọ́jọ́ náà?" ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi. Ojú Kausar rí èyí, inú rẹ̀ kò sì gbà á.

Wọn kò ní kámẹ́rà ńlá tiwọn. Shaheena ló ní kí wọ́n máa háyà. "Kámẹ́rà ọdún yìí," ni ó máa ń wí, "tó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn oníyàwó á ní ó ti gbó. Ẹ jẹ́ kí Haji máa ra tuntun, kí àwa máa háyà tuntun. Tó bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀, òun ló máa tún un ṣe." Ohun tí Haji sì ń gbà fi dógò kò ju káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó wá háyà lọ. O fi káàdì rẹ sílẹ̀, o gbé ẹrù. O dá ẹrù padà, o gba káàdì rẹ. Kò sí ìsọ̀ kan lọ́jà yẹn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ba ẹrù jẹ́ tí kò tún un ṣe, Haji á mú káàdì onítọ̀hún, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ìsọ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọjú sí títì. Ọkùnrin méjì wà lára gíláàsì náà títí dòní. Kò tíì sí obìnrin níbẹ̀ rí.

"Káàdì rẹ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi," ni Haji sọ fún Shaheena, kò sì wo ojú rẹ̀. "Mo fún ọ di ọjọ́ Àlàrùbá. Tí n kò bá rí lẹ́ńsì mìíràn kí n tó kí ìrun Àìlà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Mo ní ọmọbìnrin bíi tìrẹ, inú mi kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin ni."

Kí ojú Shaheena wà ní àárín ọjà, kí àwọn tó ń ta ìrẹsì àti àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa tọ́ka sí i! Ìyàwó mìíràn sì ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì, ìsọ̀ wo ló máa fún un ní kámẹ́rà láìsí káàdì?

Ìgbà náà ni Dilawar dìde. Ọkọ Kausar ni. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé tó ti ń gbé ilé àna, tó ń jókòó síbi tó dára jù nídìí oúnjẹ, tí Liaqat ń ra epo sí alùpùpù rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni pé òun ló ń gbé ẹrù háyà lọ, òun ló ń dá a padà. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òróró. Ẹ bẹ̀rù ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀ nígbà tí gbogbo ilé ń gbóná!

"Ẹ má bínú, Haji. Ẹ máa lọ, ìdílé ni wá, a máa yanjú ẹ̀." Nígbà tí Haji lọ tán, ó yíjú sí Liaqat. "Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ sí Dubai, ó fẹ́ ta kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní lẹ́ńsì bíi ti Haji gan-an, tó mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́fà tí wọ́n fi wúrà ṣe wà nínú àpótí ìyàwó wa. Ẹ tà á. Ẹ fi díẹ̀ pa Haji lẹ́nu mọ́, ẹ fi ìyókù ra kámẹ́rà. Háyà parí nìyẹn!"

"Ẹ̀gbà ìyá mi?" Shaheena mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti ń bọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlá ni ìyá rẹ̀ fi rán aṣọ kó tó ra ẹ̀gbà wọ̀nyẹn fún un, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó rẹ̀. "Láéláé!"

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀!" ni Kausar wí. "Ó ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́, ó tún ń sọ láéláé!"

Shaheena wo ọkọ rẹ̀. Ó ń dúró kí Liaqat sọ ọ̀rọ̀ kan, àní ẹyọ kan péré. Liaqat fi tọ́wẹ̀lì nu ojú tó ti gbẹ.

"Kó ẹ̀gbà náà jáde lọ́jọ́ Àlàrùbá," ni ó wí. "Ìtìjú yìí pọ̀ ju wúrà lọ."

"Ìwọ náà, Liaqat?"

Ó wọ yàrá lọ. Ọkùnrin tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ lólè, òun náà ti bá wọn pè é.

Láti ìgbà náà Shaheena kò mọ ìdúró mọ́, kò mọ ìbẹ̀rẹ̀. Ó fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó da iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó gbàgbé, ó tún da iyọ̀ sí i. Roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, jóná lórí agbada, èéfín kún ilé, Kausar ní, "Ẹ wá wo aya rere!" Tó bá jókòó, nǹkan á tì í dìde. Tó bá dìde, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà. Ojú rẹ̀ ti rí ohun kan lára lẹ́ńsì tí Haji gbé wá, ó dá a lójú. Nǹkan kan níbẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Kí ni? Ariwo Kausar ti fọ́n ọn ká bí ìyẹ̀fun nínú afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ Àtàlátà lọ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Àlàrùbá, Màmá ń po làálì nínú abọ́ láti fi kun irun rẹ̀ tó ti funfun. Ó pe Shaheena kó wá bá òun fi sí ẹ̀yìn orí. Ọkàn Shaheena kò sí níbẹ̀, làálì kán sórí aṣọ funfun tó wà lórí itan Màmá. Ó sáré fi omi nù ún. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò jáde.

"Fi í sílẹ̀, ìyàwó mi," ni Màmá wí. "Làálì kì í gbàgbé ibi tó bá dé."

Shaheena dúró ṣanṣan, abọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rántí! Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ làálì ìyàwó, ọwọ́ ìyàwó náà tutù fún làálì. Bí Shaheena ṣe sún mọ́ ọn, ọmọ náà fi ìka ti lẹ́ńsì sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí imú mi tóbi o!" Ìka náà bà lé púlásítà Haji. Shaheena fi itọ́ nù ún, fi etí ìborùn nù ún, àmì pupa náà kò kúrò. Ó bẹ̀rù pé Haji á bínú, kò sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n púlásítà tó wà lára lẹ́ńsì tí Haji gbé wá lọ́jọ́ Ajé, funfun bí iyọ̀ ni! Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀!

Kì í ṣe lẹ́ńsì tí òun gbé lọ ni wọ́n dá padà. Ta sì ló dá a padà?

Ó fi Màmá sílẹ̀ tòun ti làálì lórí, ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà Liaqat níbi tí àwọn àwòrán ọjọ́ náà wà. Ó ń wá, ó ń wá. Ó rí ọ̀kan tó yà níwájú dígí ńlá nínú yàrá ìyàwó. Ìyàwó wà níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú dígí, Shaheena fúnra rẹ̀ gbé kámẹ́rà sójú, lẹ́ńsì funfun hàn gbangba, àmì ìka pupa sì wà lórí púlásítà.

Ó gbé fóònù. "Haji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lẹ káàdì mi. Ẹ wá sílé wa kí ẹ tó lọ kírun. Ẹ mú lẹ́ńsì yẹn dání, ẹ má sì bọ́ púlásítà ara ẹ̀."

"Ṣé o ti rí òmíràn ni?"

"Ẹ sáà wá, Haji. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Lẹ́yìn náà ó ṣí àpótí, ó kó ẹ̀gbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, ó sì wọ̀ wọ́n.

Kò pẹ́ tí alùpùpù Dilawar fi dún lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé àpò dúdú kan wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ dé etí. "Ẹ wá wo ọjà! Ọmọge kò mọ́ lójú tó báyìí!" Ó yọ kámẹ́rà jáde tòun ti lẹ́ńsì gígùn funfun. Liaqat gbà á, ó gbé e sójú, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó gba súìtì.

Kausar na ọwọ́ sí Shaheena. "Ẹ̀gbà dà?"

"Wọ́n wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ṣebí wúrà tèmi ni ẹ fẹ́ fi rà á? Ẹ jẹ́ kí èmi náà yẹ ọjà mi wò."

Ó gba kámẹ́rà náà. Ó yí lẹ́ńsì sí oòrùn. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti ha á, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù púlásítà ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, làálì sì ti mu inú gọ́ọ̀mù náà ní ìrísí orí ìka kékeré. Shaheena kọjú sí Dilawar.

"Bọ̀dá Dilawar, ọdún mélòó ló ti wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín?"

"Á tó ọdún méjì."

"Ó dá yín lójú pé òun nìkan ló ń lò ó? Kò yá ẹnikẹ́ni rí?"

"Rárá o! Olówó ni, kì í ṣe bíi tiyín tó ń háyà kiri."

"Ẹ lè búra?"

"Ṣé ìwọ lo máa fi mí búra?" Kausar kígbe. "Àna ilé yìí ni!"

"Jẹ́ kí n búra fún un, kó lè fọkàn balẹ̀," ni Dilawar wí, ó sì gbé ọwọ́ sókè. "Bí mo bá purọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n jẹun nílé yìí mọ́!"

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹnu ara rẹ̀ ni! Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn.

"Àsàlámù àlékùmù." Haji Mukhtar ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọ̀ Dilawar yí padà. Shaheena kò wò ó. Ó fi lẹ́ńsì tuntun náà lé Haji lọ́wọ́, ó gbé kọ̀ǹpútà tí àwòrán inú dígí náà wà lójú rẹ̀ tì í, ó sì ṣàlàyé ìka ìyàwó fún un, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Haji gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀. Ó wo àwòrán, ó wo lẹ́ńsì. Ó fi èékánná ha gọ́ọ̀mù, ó sì gbé èékánná náà ti irùngbọ̀n ara rẹ̀.

"Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kun làálì," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bí mo bá ṣì í mọ̀, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Lẹ́ńsì mi rèé! Àwọn tó ṣe é fín nọ́ńbà tirẹ̀ kéékèèké sí i lára, èmi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Púlásítà ni ìwé mi. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fi tàn mí jẹ!" Ó ya púlásítà kúrò lára lẹ́ńsì tó ní ìlà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Èyí kì í tilẹ̀ ṣe irú tèmi. Ó nípọn ju tèmi lọ."

Màmá na ọwọ́. "Gbé e wá kí n rí i." Ó fi ọwọ́ pa á, ó gbé e símú. Òórùn òògùn ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀. "Yéè! Púlásítà egbò mi rèé! Èyí tí mo ti ń wá láti ọjọ́ Sọ́ńdè! Kausar, ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí òògùn mi wà!"

"Màmá, èmi... ẹnikẹ́ni ló lè..."

"Òun ló ní kí n ṣe é!" Dilawar ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. "Màmá, ọmọ yín ni! Mo ra kámẹ́rà kan ní àlòkù, lẹ́ńsì ara ẹ̀ ti ní ìlà, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Kausar ló ní ká fi pààrọ̀ ti Haji, ká sì ta gbogbo ẹ̀ fún Liaqat!"

"Èmi ni, àbí ìwọ? Ọ̀lẹ! Ajẹunjókòó! Èmi ni mo gbé lẹ́ńsì lọ sí ìsọ̀?" Kausar fo mọ́ ọn, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú láyà, bọ́tìnì já.

Àwọn tí wọ́n jọ ń hu ìwà ìkà lánàá, ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ya ara wọn láṣọ lójú oòrùn!

Liaqat dúró láàárín, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ọjà olè ni wọ́n fẹ́ tà fún un, wúrà ìyá ìyàwó rẹ̀ ni òun sì fẹ́ fi san án. Ìtìjú tó ń sá fún ti bá a nínú àgbàlá ara rẹ̀.

Màmá dìde, làálì ń ṣàn sí i ní etí. "Dilawar, èmi ò lé ọ. Ẹnu rẹ ló lé ọ. O ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó o jẹun nílé yìí mọ́. Àmín! Roti ọ̀sán yìí kò sí fún ọ."

"Màmá, èmi ńkọ́?" Kausar ń sunkún.

"Níbi tí ọkọ bá wà ni aya ń gbé."

Abúlé ìyá Dilawar ni wọ́n gbà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, abúlé tí Kausar máa ń yọ ṣùtì sí, tó ní òun kò ní fi ọwọ́ òun mọ ìgbẹ́ màlúù fún ìdáná níbẹ̀ láé. Lónìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Wọ́n ní ó ti mọ̀ ọ́n mọ, ó sì ń sá a sára ògiri. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Haji yọ káàdì Shaheena nínú àpò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ọmọ mi, dárí jì mí. Mo fẹ́ lẹ ojú aláìṣẹ̀ mọ́ gíláàsì."

"Òfin lẹ tẹ̀ lé, Haji. Ẹ ò mọ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Liaqat wá dúró tì í ní ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, tó ní, "Shaheena, iṣẹ́ èṣù ni," ó dá a lóhùn pé, "Èṣù kankan kò wọ àgbàlá yìí. Gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ níbí, mo mọ orúkọ wọn." Ohun mìíràn wà tí ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ kan kì í tó fún, ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọn kò tíì ṣẹ̀ ẹ́ rí.

Ní àárọ̀ Àlàmísì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé tọkọtaya náà lọ sí ìsọ̀ Haji. Ẹ̀gbà mẹ́fà ń dún ṣinrin lọ́wọ́ Shaheena. Haji ti ṣí ìwé tuntun, nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n fín sára ẹrù ló ń kọ báyìí. Ó gbé kámẹ́rà fún un, ó gbé lẹ́ńsì funfun lé e.

"Gbé e lọ, ọmọ mi. N kò ní gba káàdì rẹ mọ́."

"Rárá, Haji. Òfin ni òfin." Shaheena na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn. "Liaqat, fún wọn ní tìrẹ."

Liaqat wo gíláàsì ìsọ̀, níbi tí ojú ọkùnrin méjì ti ń wo títì. Ó yọ káàdì rẹ̀, ó fi lélẹ̀, dúrọ́ọ̀ Haji sì pa dé.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí Shaheena ń ya àwòrán láàárín ẹ̀rín àti orin àwọn obìnrin, ọkọ rẹ̀ kò lè jókòó. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ wọ̀, ó padà, ó tún dé ibẹ̀. Àwọn tó pè é síbi iṣẹ́ ń béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù: "Shaheena, ṣé lẹ́ńsì wà dáadáa?" Ó tún pè. Ó tún pè.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Shaheena kò gbé e. Ìyàwó kan tí làálì rẹ̀ ṣì tutù ń na ọwọ́ sí i, ó sì sún mọ́ ọn dáadáa.